Obìnrin Tí Mo Kọ Ilà Ilé Ọkọ Fún

Ọ̀kan nínú yín bi mí láàárọ̀ yìí pé kí ló dé tí mo máa ń di ojú kan tí mo bá ń wo èèyàn. Mo gbọ́ ọ, mo kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni, torí ẹ̀kọ wà lẹ́nu mi. Ojú kò dùn mí, n kò sì ṣẹ́jú sí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ya àwòrán èèyàn ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, ẹni tó bá sì fẹ́ ya èèyàn gbọ́dọ̀ di ojú kan kó tó lè mọ ibi tí imú parí sí àti ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá yín àgbà, nígbà tó wà láyé, kì í jẹ́ kí n bá òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àfi tí mo bá ṣèlérí pé ojú méjèèjì ni n óò fi wo ìyàwó àlùfáà.

Ẹ fi fóònù sílẹ̀ díẹ̀, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wọn tí ẹ tẹ̀lé wọn wá láti Under G níbi tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ẹ má dúró sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ sá lọ. Mo mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiyín, ẹni tó bá fẹ́ àwòrán kò ní ju kó na ọwọ́ sókè, kó ṣu ẹnu pọ̀, ó parí. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti ya ogún. Ẹ ti ya èmi náà níbi tí mo ti ń sùn lórí àga, ẹ rò pé n kò mọ̀. N kò bínú. Ohun tó kàn ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹ kì í padà wo àwọn àwòrán yẹn mọ́.

Nígbà tiwa, àwòrán kan lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Takie, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn mọ́tò tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ ti ń gbé èrò. Láti àárọ̀ ni a ó ti máa gbọ́ àwọn tó ń pe èrò, "Ọ̀yọ́ kan! Ọ̀yọ́ kan!" bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó sínú mọ́tò náà, òun náà sì ti ń tòògbé. Láàárín ariwo yẹn ni ẹ óò máa gbọ́ tiwa, ṣìrọ̀ ṣìrọ̀ ṣìrọ̀, níbi tí a ti ń fi sánpépà ha pátákó. Òórùn tapẹntáìnì tí a fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì máa ń gba gbogbo ojú títì. Àwọn tó ń kọjá á di imú. Ní tèmi, tí n kò bá gbọ́ òórùn yẹn láàárọ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Aṣọ tí a ń ya àwòrán sí, a kì í rà á. Àpò ìyẹ̀fun ni a fi ń ṣe é. A ó gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, ìyá yín àgbà á sè é pẹ̀lú ọṣẹ títí gbogbo lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ á fi parẹ́. Mo máa ń nà án mọ́ férémù onípákó, mo máa ń kan ìṣó yí i ká, mo sì máa ń fi sítáàṣì pa á. Tó bá gbẹ tán, n óò fi ìka ta á. Tó bá dún kíkan, ó ti tó yà. Tó bá kàn rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ sí mi lọ́wọ́, mo ní láti tú u kí n tún un nà. Nígbà kan, a kánjú, a kò sè é tó. Mo ya olóyè kan sórí rẹ̀, gbogbo ilé yìn mí. Ní ọdún kejì, ọmọ olóyè náà wá pè mí pé kí n wá wo nǹkan. Mo débẹ̀, mo rí i pé òǹkà kílò ìyẹ̀fun ti ń yọ jáde níwájú orí bàbá wọn.

Iṣẹ́ tó ń bọ́ wa lójoojúmọ́ kì í ṣe àwòrán èèyàn o. Pátákó ni. Pátákó onígbàjámọ̀, pátákó télọ̀, pátákó ẹni tó ń lẹ táyà. Lónìí, bánà onírọ́bà ni wọ́n ń tẹ̀ jáde, oòrùn á gbé àwọ̀ rẹ̀ lọ kí òjò méjì tó rọ̀. Pátákó tiwa máa ń pẹ́ ju ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù lọ nígbà mìíràn. Alápatà kan wá bá mi nígbà kan pé kí n ya màlúù fún òun. Mo mú ìwé mi, mo lọ sí ibi tí ó so màlúù rẹ̀ mọ́, mo jókòó tì í láti àárọ̀ di ọ̀sán. Mo yà á bó ṣe wà gẹ́lẹ́, gbogbo egungun ìhà rẹ̀ pé, eṣinṣin kan wà lójú rẹ̀. Alápatà wo pátákó náà, ó wò mí, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ kí n kógbá wọlé ni?" Mo ní ohun tí mo rí ni mo yà. Ó ní kí n jọ̀wọ́ kí n lọ rí òmíràn.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ní Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ ìwà yẹn. Ọdún márùn-ún ni mo fi gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oṣù kan gbáko ló fi ní kí n máa ya ìkòkò kan tó ti là lẹ́nu. Tí mo bá ti yà á tán, á wá, á wò ó, á ní, "Ìkòkò tó wà lórí rẹ lo yà. Èyí tó wà nílẹ̀ dà?" Ohun tó ń tẹnu mọ́ títí mo fi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé kí n ya ohun tí mo rí, kí n má ya ohun tí mo mọ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni gba oògùn. Mo ń fi yangàn káàkiri. Àwọn ayàwòrán yòókù máa ń dín àpá kù lójú oníbàárà, wọ́n máa ń mú arúgbó padà sí ọ̀dọ́. Èmi ò jẹ́ ṣe é. Bí o bá fọ́ lójú kan wá sọ́dọ̀ mi, ojú kan ni wàá gbé lọ sílé.

Tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe Iléyá, tàbí kí Kérésì dé, a kì í rí àyè jẹun. Àwọn tó lọ ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì àti Kánò á ti máa wọlé, wọ́n á wọ aṣọ tí wọ́n rà lọ́hùn-ún, wọ́n á ní kí n ya àwọn kí àwọn tó padà. Wọ́n á jókòó lórí àga, wọ́n á gbé àyà síwájú. Láàárín wákàtí kan, oorun ti gbé wọn lọ. Mo ya ọ̀gbẹ́ni kan báyìí pẹ̀lú ẹnu tó ṣí sílẹ̀, torí bó ṣe wà níwájú mi nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ní òun fẹ́ràn rẹ̀, ó ní ọkọ òun gan-an nìyẹn.

Àáfáà kan ń gbé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà kí ó máa wo àwòrán èèyàn, ó sì ti sọ ọ́ fún mi níjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ, kò sì rí ibi tó tún tutù bíi ṣọ́ọ̀bù mi. Torí náà, tó bá dé, á kọ ẹ̀yìn sí àwọn àwòrán, á dojú kọ ògiri, á máa bá mi tàkúrọ̀sọ. Ìgbà tó bá jẹ́ ẹni tó mọ̀ ni mò ń yà, ẹ óò kàn gbọ́ tó ní, "Imú ọkùnrin yẹn gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbà tó yíjú.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín gan-an nìyí. Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, lẹ́yìn tí àwọn tó wá ṣe Kérésì ti padà, tìṣà kan gun máṣíìnì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìrẹsà ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ náà ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tẹ̀lé e. Mo mọ ẹ̀gbọ́n yẹn, Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń ta abọ́ ní Takie.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," Tìṣà kí mi, ó dọ̀bálẹ̀ sórí eruku.

"Ẹ ṣeun, Tìṣà. Ẹ dìde. Ẹ kú ọyẹ́ o."

"Ìyá wa la fẹ́ kí ẹ bá wa yà, sà. Wọ́n ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá."

Mo kí wọn kú àdánù. Mo ní kí wọ́n mú fọ́tò ìyá wọn wá. Wọ́n wo ara wọn. Ìyá Bọ́sẹ̀ tú etí aṣọ rẹ̀, ó yọ fọ́tò kan tí igun rẹ̀ ti fàya. Fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ ni. Èèyàn tó wà nínú rẹ̀ tó ogún.

"Èwo ni ìyá yín?"

Ó fi ìka tọ́ka sí ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ kan ti ju bàtà rẹ̀ nù, ìyá yìí sì bẹ̀rẹ̀ mú un nígbà tí onífọ́tò tẹ kámẹ́rà. Gèlè nìkan ló hàn.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, gèlè rèé. Ìyá dà?"

"Gèlè yẹn nìkan la ní, sà."

Kì í ṣe pé ìyá náà bẹ̀rù fọ́tò. Bí onífọ́tò bá wá sí Ìrẹsà, tí wọ́n pè é, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kórè tán ná. Tó bá kórè tán, á ní aṣọ òun kò tíì gbẹ. Bó ṣe ṣe é títí ó fi kú nìyẹn. Mo sọ fún wọn pé n kò lè ya ẹni tí n kò rí. Mo ti fẹ́ padà sídìí pátákó mi.

Ni Tìṣà bá sọ pé, "Bàbá wa ń fọ́ lójú, sà."

Ó ní àwọn ti gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní ojú náà ti ń kú láti ẹ̀gbẹ́, ó kù díẹ̀ láàárín, bí ẹni ń yọjú wòta láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Ó ní kí àwọn má retí pé bàbá á rí iṣu tuntun ọdún náà. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sunkún. Ohun kan ṣoṣo tó sọ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé ni pé òun ì bá fẹ́ rí Àṣàkẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Àṣàkẹ́ ni ìyá wọn. Tìṣà sọ ọ́ débẹ̀, ó bú sẹ́kún níwájú gbogbo àwọn tó ń pe èrò.

Àánú ṣe mí. Ọ̀gá mi ní ọ̀nà kan tó máa ń gbà ya òkú tí kò ní fọ́tò. A máa ń fi ojú ọmọ ya ìyá. Ọmọ tó bá jọ ọ́ jù á jókòó, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí ó yàtọ̀, ayàwòrán á sì fi ọdún kún ojú náà. Mo bi wọ́n pé ta ló jọ ìyá wọn jù. Tìṣà kò tiẹ̀ rò ó, ó ní Ìyá Bọ́sẹ̀ ni, pé tí ó bá ń rẹ́rìn-ín ní yàrá kejì, ó máa ń ṣe àwọn bíi pé ìyá àwọn ló wà níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí bàbá má gbọ́ títí n óò fi parí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó bá a lójijì.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ìyá Bọ́sẹ̀ fi jókòó níwájú mi. Á ṣí ìsọ̀ abọ́ rẹ̀ láàárọ̀, á fi ọmọ kan sídìí rẹ̀, á wá. Ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́. "Imú ìyá wa fẹ̀ ju tèmi lọ díẹ̀, sà. Ètè ìsàlẹ̀ wọn nípọn. Èjí wọn fẹ̀ ju tèmi." Mo ń gbọ́, mò ń tún un ṣe. Mo fi ewú sí i lórí, mo jẹ́ kí awọ ọrùn rọ̀ díẹ̀, mo di ojú kan, mo tún la á. Ìyá Bọ́sẹ̀ kọ gọ̀ǹbọ́, ilà gígùn tó sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀bátí wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ẹ wò ó, mo ya ilà yẹn! Mo yà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi òjìji sínú wọn, mo fi ìmọ́lẹ̀ sí etí wọn. Ẹ óò rò pé ìka yín lè wọnú wọn. Inú mi dùn sí ara mi gan-an. N kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo àwòrán tí n kò tíì parí, ìdí nìyẹn tí Ìyá Bọ́sẹ̀ fi ń lọ sílé lójoojúmọ́ láìrí i.

Ọjọ́ Àìkú ni a gbé e lọ sí Ìrẹsà, lẹ́yìn ìsìn. Mo jókòó sẹ́yìn Tìṣà lórí máṣíìnì, mo gbé àwòrán náà lé itan, a fi aṣọ wé e. Gbogbo ilé ti péjọ sí àgbàlá. Bàbá jókòó lórí àpótí, ọkùnrin tó ga, tó gbẹ, tó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣí aṣọ.

"Yéè! Ìyá wa o!" Àwọn ọmọ obìnrin ké. Ọ̀kan nínú wọn kúnlẹ̀, ó kí àwòrán náà káàárọ̀. Tìṣà fi ọwọ́ bo ojú. Orí mi wú. Mo ti ń rò ó bí n óò ṣe ròyìn rẹ̀ fún ọ̀gá mi tí mo bá dé Ọ̀yọ́.

Bàbá dìde, ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kan aṣọ. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ibi tí mo dúró sí.

"Ayàwòrán, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ yín dára púpọ̀."

"Ẹ ṣeun, bàbá."

"Ṣùgbọ́n Àbẹ̀ní lẹ yà."

Tìṣà rọra sọ fún mi létí pé Àbẹ̀ní ni àbúrò bàbá àwọn lóbìnrin, tó ti kú tipẹ́.

"Ojú Àṣàkẹ́ ni," Bàbá ní. "Ẹnu Àṣàkẹ́ ni. Ta ló wá kọ gọ̀ǹbọ́ fún un? Gọ̀ǹbọ́ tiwa ni o. Ẹ ti sọ ìyàwó mi di àbúrò mi."

Ẹ̀yin tí ojú yín ń dán bí abọ́ yìí, ọ̀rọ̀ náà lè má yé yín, torí kò sẹ́ni tó tún ń kọlà mọ́. Ilà ilé bàbá ẹni là ń kọ. Obìnrin á gbé ilà ilé bàbá rẹ̀ lọ sílé ọkọ, á gbé e títí á fi kú. Àwọn ọmọ tó bá bí níbẹ̀, ilà bàbá wọn ni wọn óò kọ. Ìyá àti ọmọ kì í sábà ní ilà kan náà, tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá mọ̀lẹ́bí ni ọkọ àti ìyàwó. Ọmọ ọdún méje mọ èyí nígbà yẹn. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé ohun tí mo rí ni n óò yà, ojú ọmọ ni mo sì rí. Mo dúró ní àgbàlá yẹn, ojú tì mí débi pé mo ń wá ibi tí n óò fi ọwọ́ mi sí.

Ohun tó tún burú jù ni pé ìdùnnú kò jẹ́ kí àwọn ọmọ náà rí i. Mo bi wọ́n pé ilà wo ni ìyá wọn kọ.

"Àbàjà ni," Ìyá Bọ́sẹ̀ dáhùn. Àbàjà, ilà tó dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Mélòó?"

"Mẹ́rin," ni Tìṣà wí.

"Mẹ́rin kẹ̀! Mẹ́ta ni. Ta ló ń fi òróró pa wọ́n lójú nígbà àìsàn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mẹ́rin ni. Mo rántí dáadáa."

Wọ́n bi àbúrò wọn kẹta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n jiyàn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Bàbá kàn dúró, ó ń gbọ́. Nígbà tó sú u, ó na ọwọ́.

"Ẹ fún mi ní èédú."

Ọmọ ọmọ rẹ̀ kan sáré lọ sí ìdí àdògán, ó mú un wá. Bàbá fi ọwọ́ òsì tọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ inú àwòrán náà, ó sì fi ọ̀tún fa ilà, láìkánjú. Mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó bọ́ sí òsì, ó fa méjì tó pé. Ẹ̀kẹta, kò fà á dé ìdajì, ó gbé ọwọ́.

"Èyí kò parí," ó ní. "Àṣàkẹ́ bu olóòlà tó ń kọ ọ́ jẹ lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìtàn yẹn rí nínú wọn.

Mo bẹ bàbá, mo ní kó fún mi ní ọjọ́ mẹ́jọ. Ó ní òun gbọ́. Kò sọ pé ojú òun kò ní dúró de ọjọ́ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló mọ̀.

Ọ̀dà tó ti gbẹ ṣòro láti bó kúrò. Mo fi ọ̀bẹ ha gọ̀ǹbọ́ yẹn, èyí tí mo ti fi ń yangàn, mo fi sánpépà pa á rẹ́, mo tún awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ da ilà tí bàbá fà kọ sórí ìwé, mo sì fi ìka wọ̀n ọ́n. Ọyẹ́ ń bá mi gbẹ ọ̀dà, ṣùgbọ́n ó tún ń da eruku sí i. Ní ọjọ́ kejì, Tìṣà dé, ó ní bàbá kọsẹ̀ lára ewúrẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní bàbá fi orúkọ àbúrò òun pe òun, àfìgbà tí òun sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò fẹ́ kó wá mọ́. Àáfáà gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ó gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà nínú oòrùn, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin kúrò lára rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ń ṣàdúà lábẹ́lẹ̀ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí bàbá rí i. Mò ń ṣe àmín.

Nígbà tí a padà dé Ìrẹsà, bàbá kò dìde. Ó ń wo ọ̀kánkán, ṣùgbọ́n a rí i pé kò mọ ẹni tó ń wọlé. Mo ní kí wọ́n gbé àpótí rẹ̀ sí ibi tí oòrùn aago mẹ́wàá àárọ̀ ti mọ́lẹ̀ jù lára ògiri.

"Bàbá, ibo ni ẹ ṣì ń rí?"

Ó gbé àtàǹpàkò sókè níwájú ojú ọ̀tún rẹ̀. "Bí èyí ṣe tóbi mọ," ó ní.

Mo gbé àwòrán náà sún mọ́ ojú ọ̀tún yẹn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á díẹ̀díẹ̀. Mo fi ewú rẹ̀ hàn án, mo fi iwájú orí hàn án. Mo mú ojú kan wá, mo mú ìkejì. Imú kọjá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún kọjá. Mo mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wá. Ilà kìíní, ìkejì. Mo dé ibi kúkúrú yẹn.

"Ẹ dúró."

Mo dúró. Apá mi ń ro mí, n kò mira.

"Hẹn," ó ní. "Àṣàkẹ́." Ó gba férémù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé orúnkún. "Ẹ fún wa láyè díẹ̀."

A jáde sí ìta gbogbo wa. Láti ibi tí a dúró sí, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń sọ fún un pé òrùlé ibi ìdáná ti ń jò, pé Bọ́sẹ̀ ti wọ ilé ìwé gíga, pé ìkòkò dúdú ńlá yẹn fọ́, kì í ṣe ẹjọ́ òun. Á tún fà á síwájú ojú rẹ̀, á tún máa sọ ọ́ lọ. Oòrùn ti wà láàárín orí kó tó pè wá.

"Ẹ wá gbé e lọ."

"Bàbá, yàrá yín la fẹ́ gbé e kọ́ sí," Tìṣà ní.

"Kí ni n óò fi ṣe ní yàrá? Èmi ti rí i. Ẹ gbé e lọ sílé tiyín."

Ìyá Bọ́sẹ̀ ló gbà á. Ó gbé e mọ́ àyà, ó ń lọ, nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde ó dúró, ó fi ìka kan ilà kúkúrú yẹn.

"Bàbá, ṣé ó dun ìyá wa nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́?"

"Ó dùn ún," Bàbá dáhùn, ojú rẹ̀ kọ sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni. "Ì bá sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin ni ẹ ò bi í."